Ẹ̀gbọ́n Ọkọ Tí Kò Kúnlẹ̀

Kò sí ẹni tó lè rí eré náà wò mọ́. Bí wọ́n bá ti gbé e sáfẹ́fẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì, láàárín ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n máa ń pa ohun tó wà lórí téèpù rẹ́, kí wọ́n lè gba tuntun sí i, nítorí téèpù ò tó. Gbogbo ohun tí mo ṣe níbẹ̀ láàárín ọdún méjì, bó ti pòórá nìyẹn. Ohun tó kù ni ohun tí àwọn ará Ìbàdàn rántí, ohun tí wọ́n sì rántí ni pé mo burú. Títí dòní, mo lè dúró ní Ring Road kí n máa dúnàá-dúrà lórí ọsàn, kí obìnrin kan gbọ́ ohùn mi, kó yíjú padà, kó ní, "Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ fẹ́ tú ilé àbúrò yín ká nínú tẹlifíṣọ̀n nígbà yẹn?" Èmi ni. N kò tọrọ àforíjì nígbà náà, n kò sì ní tọrọ ẹ̀ nísinsìnyí. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́.

Ọdún tí àwọn ológun tún gba ìjọba ni mo bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ ni mí nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Bódìjà, mo gba yàrá kan ní Àgbówó, n kò tíì lọ́kọ. Ọ̀gá olùdarí eré kan wá sílé ìwé wa láti wá àwọn ọmọ tó lè ṣeré fún ètò àwọn ọmọdé. Eré kékeré kan ni mo kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi, ṣùgbọ́n ọmọ tó yẹ kó ṣe ìyá arúgbó oníjà ò wá lọ́jọ́ náà, ara rẹ̀ ò yá. Mo wé gèlè, mo ṣe é fúnra mi. Ọ̀gá yìí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Kò mú ọmọ kankan lọ́jọ́ yẹn. Èmi ló mú.

Eré ìdílé kan ló fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ọkọ ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Dùgbẹ̀, nọ́ọ̀sì ni ìyàwó, wọ́n bímọ méjì, ilé wọn wà ní Bódìjà. Aago méje àbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ń gbé e jáde, fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ọṣẹ ló ń gbọ́ bùkátà rẹ̀, nígbà tí ọṣẹ fúnra rẹ̀ di ohun tí èèyàn ń tò fún. Yàtọ̀ sí ọkọ àti ìyàwó, èèyàn méjì ló ń wọlé ṣáá nínú ilé náà. Ọ̀kan ni ọ̀rẹ́ ọkọ, tó máa ń dé gẹ́lẹ́ tí oúnjẹ bá jinná. Ìkejì ni ẹ̀gbọ́n ọkọ obìnrin, tó wá síbi ìkómọjáde tí kò padà lọ mọ́. Èmi ni ìkejì yìí. Wọ́n á da pọ́dà funfun sí mi nírun, wọ́n á fi tìróò fa ìlà sí mi níwájú orí, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n á di ìyá àádọ́ta ọdún.

A kì í kọ ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, a ó pàdé lábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn sítúdíò, ọ̀gá á fẹnu sọ ìtàn ọ̀sẹ̀ náà fún wa: ìwọ máa wọlé, ìwọ máa bínú, ọbẹ̀ máa jóná, ọkọ máa bẹ̀bẹ̀, gbogbo yín máa rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ tí kálukú máa sọ, ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ló wà. Ní Ọjọ́bọ̀, a ó gbà á sílẹ̀. Bí ẹnì kan bá gbàgbé ibi tí ọ̀rọ̀ dé, ẹlòmíràn á gbà á lẹ́nu rẹ̀, eré á máa lọ. Wọn kì í dá téèpù dúró àfi bí kámẹ́rà bá kọṣẹ́, nítorí ní aago mẹ́rin àwọn oníròyìn ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fẹ́ lo sítúdíò. Ohun tó bá ti jáde lẹ́nu èèyàn, ó ti jáde nìyẹn.

Láàárín oṣù mẹ́ta, gbogbo Ìbàdàn ti fẹ́ràn ọ̀rẹ́ ọkọ. Ṣíbí kan wà nínú àpò àyà rẹ̀ tó máa ń fà yọ kí ó tó kí ẹnikẹ́ni. Á wo ojú abọ́, á wo ojú ìyàwó, á ní, "Ìyàwó wa, mi ò ní í pẹ́," á sì jókòó sórí àga tó dára jù nínú pálọ̀. Àwọn ọmọ Bódìjà bẹ̀rẹ̀ sí í ki ṣíbí bọ àpò yúnífọ́ọ̀mù lọ sílé ìwé, títí kan àwọn tó wà ní kíláàsì mi. Bí ẹni tó ń ṣe é bá gba Mọ́kọ́lá kọjá, àwọn mẹkáníìkì á fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n á ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún un. Èèyàn dáadáa ni, n kò bá a jà. Ṣùgbọ́n òun ló ń gbàgbé ọ̀rọ̀ jù nínú gbogbo wa. Nígbà tí orí rẹ̀ bá ti dàrú pátápátá, á kàn fa ṣíbí yọ, àwọn tó ń wò ó nílé á sì yí mọ́lẹ̀.

Èmi ńkọ́? Mo ń ṣí ìkòkò wò. Mo ń fi oríkì pe àbúrò mi níwájú àwọn àlejò ọ́fíìsì rẹ̀. Mo ń béèrè lọ́wọ́ ìyàwó ìdí tó fi ń ti ibi iṣẹ́ dé nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú. Gbogbo ohun tí mo ṣe kò jù báyìí lọ. N kò jẹ àwo oúnjẹ kan tán nínú eré náà rí. Ọkùnrin kan tí kì í ṣe ẹbí ń jẹ wọ́n run lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ lọ sóde, ó jókòó sórí àga, ẹ̀rín ni. Obìnrin tó gbé ọkọ náà pọ̀n bi í léèrè pé, "Kí lo jẹ lónìí?" ìkà ni. Mo bi ọ̀gá wa léèrè ìdí rẹ̀ lọ́jọ́ kan lábẹ́ igi máńgòrò. Ó ní bí ayé ṣe rí nìyẹn, pé ilé kọ̀ọ̀kan ló ní irú ẹ̀gbọ́n ọkọ bẹ́ẹ̀. Ó tọ̀nà. Ilé tiwa náà ní.

Nínú takisí ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní eré. Láti Dùgbẹ̀ ni mo ti wọ̀ ọ́, mo ń lọ sí Challenge. Mo kàn sọ fún awakọ̀ pé kó bá mi rọra ni, obìnrin tó jókòó tì mí sì gbé ọmọ rẹ̀ láti itan òsì sí itan ọ̀tún, kó má baà kan ara mi. Ohùn ló fi dá mi mọ̀. Lójú tẹlifíṣọ̀n, bí àwọn ará ìlú wa ní Òkè-Ògùn ṣe ń sọ̀rọ̀ ni mò ń sọ ọ́, ohùn náà sì ti mọ́ mi lẹ́nu débi pé n kò lè bọ́ ọ sílẹ̀ bí mo ṣe ń fọ pọ́dà kúrò lórí.

Obìnrin náà ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ìyàwó yẹn ṣe fún yín gan-an?"

Mo ní, "Ó tẹ́ ẹní fún mi."

Kò yé e, kò sì béèrè mọ́. Òótọ́ ni mo sọ fún un.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa nílé ń pè ní Màmá Ilé, wá bá wa gbé nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ìkómọjáde àbúrò mi ni wọ́n wá ṣe, bíi ti inú eré gan-an, wọ́n sì dúró fún odidi ọdún kan. Bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní yàrá Mọ́kọ́lá wá sí Bódìjà ni, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ra àga onítìmùtìmù tuntun, màmá mi sì ti rán aṣọ funfun bo gbogbo wọn. Màmá Ilé máa ń fi òrí pa ara. Màmá mi ò sọ pé kí wọ́n má jókòó. Wọ́n kàn tẹ́ ẹní kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ní, "Màmá, ibí yìí á tu yín lára jù." Orí ẹní náà ni Màmá Ilé jókòó sí fún ọdún kan gbáko. Orí àga làwọn ọ̀rẹ́ bàbá mi ń jókòó sí.

Èmi náà kórìíra wọn. N kò ní í purọ́. Wọ́n ń ṣí ìkòkò, wọ́n ń da ọbẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ tọ́ ọ wò, wọ́n ń tún yúnífọ́ọ̀mù tí màmá mi ti fọ̀ fọ̀. Ohun tó máa ń bí mi nínú jù ni pé ní ìrọ̀lẹ́, tí mo bá ń kàwé, wọ́n á sún mọ́ mi lórí ẹní, wọ́n á fi ìka lé lẹ́tà kan, wọ́n á ní, "Kí lèyí?" Mo sọ fún wọn lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó sú mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ èyí tí kì í ṣe òun fún wọn. Wọ́n á tún un pè tìyanu-tìyanu, èmi àti àwọn àbúrò mi á sáré wọ yàrá lọ rẹ́rìn-ín. Wọn ò mọ̀. Tàbí wọ́n mọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bàbá mi gbé ẹrù wọn lọ sí gàrééjì Ojoo, wọ́n fi wọ́n sínú ọkọ̀, ọ̀rọ̀ parí.

Nígbà tí mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ ni mo lọ lo ìsinmi ní ìlú wa, tí Màmá Ilé sọ ọ̀rọ̀ síléètì fún mi, bí ẹni ń sọ ti ẹlòmíràn. Wọ́n ń bó ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́. Wọ́n ní àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ fi sílé ìwé àwọn òyìnbó Onítẹ̀bọmi, pé àwọn ti kọ A, B, D títí dé GB. Lẹ́yìn náà ni bàbá wọn ní obìnrin ni wọ́n, wọ́n gba síléètì náà lọ́wọ́ wọn, wọ́n gbé e fún bàbá mi. Wọ́n ní kí Màmá Ilé máa gbé bàbá mi pọ̀n dé ilé ìwé nítorí odò tó wà lójú ọ̀nà. Ní òjò, ní ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n ń gbé e lọ, wọ́n ń gbé e bọ̀, wọ́n á sì dúró lẹ́yìn fèrèsé títí olùkọ́ á fi lé wọn. Mo béèrè bóyá ó dùn wọ́n. Wọ́n ní kí n gbé ọ̀bẹ kejì, kí n bá àwọn bó ẹ̀gẹ́.

Obìnrin tí mo gbé wọ tẹlifíṣọ̀n nìyẹn. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n màmá mi mọ̀. Bí mo bá wà ní Bódìjà lọ́jọ́ Ẹtì, tí mo ṣí ìkòkò nínú eré, wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á ní, "Òun gan-an nìyẹn. Ẹ wò ó." Bàbá mi á máa wo ìwé ìròyìn wọn bí ẹni tí kò gbọ́.

Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ló wá tú gbogbo rẹ̀ síta. Ọjọ́ Àìkú kejì nínú oṣù ni wọ́n ń ṣèpàdé ní gbọ̀ngàn ilé ìwé kan ní Mọ́kọ́lá, Onítẹ̀bọmi àti Mùsùlùmí pọ̀, bàbá mi sì ni akọ̀wé. Ọ̀rọ̀ títì àti ti kànga ilé ìwòsàn ni wọ́n sábà máa ń sọ. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, wọ́n ní ọ̀rọ̀ obìnrin inú tẹlifíṣọ̀n ló ṣe kókó. Wọn ò bá mi wí, wọn ò tilẹ̀ wo apá ibi tí mo jókòó sí láàárín àwọn obìnrin. Lójú wọn, ẹ̀gbọ́n ọkọ yẹn jẹ́ ọmọ ìlú wa tó ń hùwà tí kò dáa ní Bódìjà, ẹgbẹ́ sì gbọ́dọ̀ dá sí i. Bàbá àgbà kan dìde, ó ní ọmọ òun fẹ́ gbé ọmọ Ẹ̀gbá kan níyàwó, ìyá ọmọ náà sì béèrè pé, "Ṣé ìlú obìnrin tẹlifíṣọ̀n yẹn lẹ ti wá?" Gbogbo ilé mi orí. Wọ́n jíròrò lórí ẹni tí kò sí láyé rí fún wákàtí kan àbọ̀. Mo nawọ́. Alága ní kí n jọ̀ọ́ jókòó, pé ọ̀rọ̀ àgbà ni.

Wọ́n fẹnu kò pé kí obìnrin náà ronú pìwà dà. Ọjọ́ Ẹtì lẹ́yìn rẹ̀, àwọn àgbà mẹ́rin gbé àpò èlùbọ́ kan àti kẹ̀ẹ̀gì oyin lọ bá ọ̀gá olùdarí wa, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ lórúkọ ìlú. Bàbá mi ló ṣáájú wọn.

Inú ọ̀gá dùn gan-an. Àwọn ọlọ́ṣẹ náà ti ń ráhùn pé lẹ́tà tí wọ́n fi ń bú mi ti pọ̀ jù. Lọ́jọ́ Ajé, lábẹ́ igi máńgòrò, ó sọ ìtàn ọ̀sẹ̀ náà: ẹ̀gbọ́n ọkọ á wọlé pẹ̀lú báàgì rẹ̀, á kúnlẹ̀ níwájú ìyàwó àbúrò rẹ̀, á ní kó forí ji òun, ọ̀rẹ́ ọkọ á fa ṣíbí yọ, gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín. Láti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, èmi náà á di ẹni tí aráyé fẹ́ràn. Bí n kò bá fẹ́, ó ní ọkọ̀ lè dànù lọ́nà ìlú wọn, kí wọ́n gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n ọkọ ti kú.

Mo ní, "Ọ̀gá, kí ni mo ṣe tí màá fi kúnlẹ̀?"

Ó ní, "Ṣe ni kí o kúnlẹ̀ ná. Àwọn èèyàn á mọ ohun tí o ṣe."

Ẹ má ṣì mí gbọ́. N kò ní kí ìyàwó kankan máa kúnlẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n ọkọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílẹ̀ wa nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo ti fi ẹ̀rín mi ṣe Màmá Ilé yẹ̀yẹ́ nígbà tí mo wà lọ́mọdé, n kò ní í fi orúnkún mi ṣe é nígbà tí mo dàgbà. Ilé ni mo bá lọ lọ́jọ́ náà, mo bá bàbá mi ní ìloro. Mo bi wọ́n bóyá àwọn ló ní kí obìnrin inú eré náà kúnlẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò sọ pé kó kúnlẹ̀, pé àwọn kàn ní kó tọrọ àforíjì. Wọ́n ní, "Ó ti tó àkókò kí ọ̀rọ̀ yẹn parí." N kò mọ ọ̀rọ̀ wo ni wọ́n ń wí, ti tẹlifíṣọ̀n ni tàbí tiwa.

Ní Ọjọ́bọ̀, iná sítúdíò gbóná, òógùn ń fọ pọ́dà kúrò ní iwájú orí mi. Kámẹ́rà bẹ̀rẹ̀. Ọkọ àti ìyàwó wà lórí àga gígùn, ọ̀rẹ́ ọkọ wà lórí àga tirẹ̀, ṣíbí ti wà lọ́wọ́. Mo gbé báàgì wọlé, mo sọ ọ́ kalẹ̀. Mo rí ọ̀gá lẹ́yìn kámẹ́rà tó ń fọwọ́ júwe ilẹ̀ fún mi. Mo yíjú sí ọ̀rẹ́ ọkọ.

Mo ní, "Ìwọ, ìgbà wo lo dé?"

Ọ̀rọ̀ yìí kò sí nínú ohun tí a sọ lọ́jọ́ Ajé. Ó ṣẹ́jú, ó ní, "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, ẹ̀gbọ́n. Oúnjẹ ò tíì délẹ̀."

Mo ní, "Ó ti jẹ́ ọdún méjì tó o ti ń ṣẹ̀ṣẹ̀ dé." Mo wá kọjú sí ìyàwó. "Ìyàwó, n kò bá ọ jà. Ìwọ náà ò mọ̀. Ẹni tí mo wá bá ni ọkọ rẹ." Mo pe àbúrò mi ní oríkì rẹ̀, jẹ́jẹ́, kì í ṣe láti dójú tì í. "Síléètì tí o fi kọ́ ìwé, ta ló ni ín?"

Ẹni tó ń ṣe ọkọ kò ní èsì. Kò sí bó ṣe lè ní in, kò sẹ́ni tó sọ fún un. Ó wo ìyàwó, ó wo ilẹ̀. Kò sí èsì kankan tó lè dà bíi bó ṣe wolẹ̀ yẹn.

Mo ní, "Èmi ni mo ni ín. Mo ti kọ ọ́ dé GB kí wọ́n tó gbà á lọ́wọ́ mi fún ọ. Mo gbé ọ kọjá odò, n kò jẹ́ kí omi kan ẹsẹ̀ rẹ. Mo dúró lẹ́yìn fèrèsé. Gbogbo ohun tó wà nínú ilé yìí, láti ibi fèrèsé yẹn ni mo ti ń wò ó. Tí mo bá ṣí ìkòkò rẹ, mo fẹ́ mọ̀ bóyá o yó ni. Wọ́n ní kí n wá kúnlẹ̀. N kò wá kúnlẹ̀. Mo wá jókòó."

Mo dúró sáàárín pálọ̀. Àga gígùn ti kún, àga kan ṣoṣo tó kù sì ti ní ẹni tó ń jókòó sí i. N kò tíì ro ìyẹn. Ọkùnrin tó máa ń gbàgbé ọ̀rọ̀ yìí ló dìde. Ó ki ṣíbí padà sínú àpò, ó fọwọ́ gbá orí àga náà mọ́, ó ní, "Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n." Mo jókòó. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Àwọn oníròyìn ti ń kanlẹ̀kùn.

Ọ̀gá bínú gan-an. Ṣùgbọ́n aago mẹ́rin ti lù, ọjọ́ kejì sì ni ọjọ́ Ẹtì, kò sí èyí àtijọ́ tó lè fi dí i, nítorí gbogbo rẹ̀ la ti pa rẹ́. Bó ṣe wà ni wọ́n gbé e jáde.

Bódìjà ni mo ti wò ó. Mo lè sá sí Àgbówó, n kò sá. Màmá mi ti gbé ọwọ́ sókè láti pàtẹ́wọ́ nígbà tí mo gbé báàgì wọlé, ọwọ́ náà sì dúró sókè bẹ́ẹ̀. Nígbà tó dé ibi síléètì, bàbá mi bọ́ awò ojú wọn. Eré parí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í polówó ọṣẹ, kò sẹ́ni tó pa á.

Bàbá mi ní, "Kì í ṣe ti òun nìkan. Ti àwa méjèèjì ni."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, kí wá ló dé tí orí ẹní fi jẹ́ tiwọn?"

Màmá mi ló sọ̀rọ̀, kì í sì í ṣe èmi ni wọ́n ń bá wí. Wọ́n ní, "Gbogbo ọdún tí mo ti lò nílé yìí, kò sẹ́ni tó sọ ọ̀rọ̀ síléètì kankan fún mi." Wọ́n dìde, wọ́n wọlé lọ. Bàbá mi ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀gá ní kí n má wulẹ̀ jókòó. Kò pa mí nínú ìjàm̀bá ọkọ̀, mo dúpẹ́ fún ìyẹn. Ìyàwó kàn sọ nínú eré tó tẹ̀ lé e pé, "Ẹ̀gbọ́n ti padà sílé," ó sì lọ wo ọbẹ̀ lórí iná. Wọ́n kó àwọn lẹ́tà kan tí wọ́n fi yìn mí lẹ́yìn eré náà fún mi. Àwọn ọmọ ló bá ìyá wọn tí kò mọ̀wé kọ púpọ̀ nínú wọn, pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà, bíi ti àwọn ọmọ kíláàsì mi. Ọ̀gá ní lẹ́tà kò lè ra téèpù. Mo kó wọn sínú báàgì ẹ̀gbọ́n ọkọ, mo sì gbé báàgì náà lọ sílé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti ilé iṣẹ́ ni. Ó ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Nígbà tí ilé ìwé gba ìsinmi, mo lọ sí ìlú. Bàbá mi sìn mí dé gàrééjì Ojoo, wọ́n gbé páálí súgà àti bisikíìtì lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní kí n kó wọn fún ẹ̀gbọ́n àwọn. N kò tọrọ àyè lọ́wọ́ Màmá Ilé kí n tó gbé ọ̀rọ̀ wọn síta fún gbogbo ayé, mo sì ń rò pé wọn ò rí i, pé tẹlifíṣọ̀n ò sí nílé wọn.

Mo bá wọn níwájú ilé. Wọ́n gba páálí, wọ́n gbọ́ òórùn rẹ̀, wọ́n ní kí n jókòó. Àga onígi méjì ló wà níbẹ̀. A jókòó.

Wọ́n ní, "Bàbá ẹ ńkọ́? Ṣé òun náà wò ó?"

Mo ní wọ́n wò ó. Màmá Ilé wá sọ fún mi pé nílé pásítọ̀ ni àwọn ti ń wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀, ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, láàárín àwọn tó ń bú obìnrin náà.

"Kí ló sọ?"

"Wọ́n ní ti ẹ̀yin méjèèjì ni síléètì náà."

Wọ́n ní, "Òótọ́ ni. Ti àwa méjèèjì ni. Ọwọ́ tiẹ̀ ló kàn kù sí." Wọ́n tú okùn páálí. "Ọkùnrin oníṣíbí yẹn, ṣé ó ṣì wà níbẹ̀?"

Mo ní, "Ó ṣì wà, Màmá."

"Wọ́n wá yọ èmi."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n mú bisikíìtì kan, wọ́n fún mi ní ìdajì, wọ́n fẹ̀yìn ti àga.

Wọ́n ní, "Kò burú. Mo ti sọ tẹnu mi."